Abẹ́rẹ́ Lẹ́nu Àgbà Adìyẹ

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá

Ọmọ mi fi tipátipá mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà lónìí. Ó ní bí mi ò bá wọ bàtà, òun á mú mi lọ láìwọ bàtà. Mo wọ bàtà.

Obìnrin ni dókítà náà, kò sì ju ọjọ́ orí àbíkẹ́yìn tí n bá bí lọ. Iṣẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, nítorí náà mo ń wò ó bó ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, bí ẹni tó fẹ́ fún olùkọ́ ní máàkì. Ó ṣe dáadáa. Ó ní, Bàbá, kí ni ẹ máa ń gbádùn tẹ́lẹ̀ tí kò wù yín mọ́? Mo ronú títí. N kò rí nǹkan kan mú jáde. Ó wá béèrè bóyá mo máa ń ro ikú. Mo ní àgbàlagbà wo ni kì í rò ó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń dúró dè mí. Ni mo bá sọ òtítọ́: n kò ní ṣe ara mi ní nǹkan, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́ tí n kò jí, kò ní dùn mí.

Ọmọ mi ń wo ògiri.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni dókítà pè é. Ó fún mi ní oògùn. Hóró rẹ̀ kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ìdajì ni kí n kọ́kọ́ máa lò, kí n tó bọ́ sí odidi. Ó ní n kò ní tètè rí iṣẹ́ rẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan — àti pé n kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra mi.

Abẹ́rẹ́ ni n óò máa pè é. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Èmi ni adìyẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Mo gbé Abẹ́rẹ́ mì. Inú ń rú mi. Ẹnu mi gbẹ bí ẹni tó jẹ ẹfun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo dùbúlẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.

Ọmọ mi, alágbàfọ̀ ni. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, òkè ni yàrá mi. Òórùn ọṣẹ àti ooru áyọ́ọ̀nù máa ń gba inú pákó ilẹ̀ gòkè wá bá mi. Mo ń gbọ́ tí ọkùnrin tó ń bá a lọ aṣọ — Ọ̀gbẹ́ni Iná ni mo sọ ọ́ — ń bá rédíò jiyàn bí ẹni pé rédíò lè dá a lóhùn. Gbogbo rẹ̀ ń dé etí mi bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní ilé kejì. Kò kàn mí.

Ọmọ mi gòkè wá. Ó ní aṣọ àwọ̀sùn tó wà lọ́rùn mi yìí, bí mo bá bọ́ ọ, á dá dúró fúnra rẹ̀. Ó ní, Bàbá, alágbàfọ̀ ni mí o, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ lójú àwọn oníbàárà. Ó gbé tíì sílẹ̀, ó lọ.

Kò ní kí n dìde. Láti ìgbà tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi rí. Ta ló kọ́ ọ? Kì í ṣe èmi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

N óò kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kà á.

Àbúrò mi. Kánkán là ń pè é nílé, torí pé kí èèyàn tó parí iṣẹ́ tó ń rán an, ó ti lọ, ó ti dé, ó sì ti gbàgbé ìdajì rẹ̀ sọ́nà. Ọ̀dọ̀ mi ló wà nígbà tó jáde ní yunifásítì. Ìyàwó mi ṣì wà láyé. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ni.

Kánkán kọ́kọ́ dẹ́kun àtijáde. Ó dẹ́kun ìwẹ̀. Nígbà tó yá, kò dìde mọ́. Mo ní ọ̀lẹ ni. Mo ní ṣé òun nìkan layé ń le fún ni? Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní àràárọ̀, mo ń pariwo "Dìde!" bí ẹni ń lé ewúrẹ́.

Nígbà tí ariwo kò ṣiṣẹ́, mo tú ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Èmi fúnra mi. Mo yọ ọ́ kúrò lára ìdè rẹ̀, mo gbé e ti ògiri pálọ̀. Mo ní ìtìjú ni yóò gbé e dìde. Ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá ni yàrá náà kọjú sí. Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé tó wá kí mi ń kọjá níbẹ̀, wọ́n ń kí ọkùnrin tó dùbúlẹ̀. Ó kọjú sí ògiri. Ìyàwó mi ta aṣọ dí ẹnu ọ̀nà. Mo fà á ya. Ìyàwó mi ní, "Ènìyàn nìyẹn o, kì í ṣe kíláàsì tí ẹ wá yẹ̀ wò." Mo ní kó bọ́ sí ilé ìdáná.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, a jí, a bá ibùsùn tí wọ́n ti tẹ́ dáadáa. Kánkán ti lọ.

Mo dá ilẹ̀kùn padà sí àyè rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rántí pé mo ń súfèé. Mo rò pé mo ti wò ó sàn.

Ìlú mìíràn ló wà báyìí, ó ń tún fíríìjì ṣe. Àfi bí òkú bá kú nínú ẹbí la fi ń ríra. Ó máa ń kí mi bí ẹni ń kí ọlọ́pàá: pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìdúró pẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Kò sí nǹkan kan. Mo jí. Mo sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ti bọ́ sí odidi Abẹ́rẹ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀, tíì dà sí àwo. Ṣùgbọ́n inú ti dẹ́kun rírú.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù lónìí. N kò mọ ohun tó gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Iná wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ti rún o! Ẹ jẹ́ ká tẹ́ yín sórí tábìlì yìí ká lọ̀ yín díẹ̀." Ọmọ mi ní kó má jẹ́ kí òun ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n fi omi wọ́n mi ná, pé aṣọ tó bá ti pẹ́ nínú àpótí kì í gbọ́ áyọ́ọ̀nù lójú ẹsẹ̀.

Nǹkan kan jáde lẹ́nu mi. Ẹ̀rín ni. Àwọn méjèèjì yíjú wò mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Ẹ̀rín yẹn kò jẹ́ kí n sinmi.

Bí Abẹ́rẹ́ bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? N óò máa jẹun. N óò máa sùn. N óò jókòó nísàlẹ̀ máa gbọ́ ẹ̀fẹ̀. Kánkán ńkọ́? Nígbà tirẹ̀, ta ló fún un ní oògùn? Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń san gbèsè ohun tí mo ṣe sí i ni ẹrù tó wà láyà mi yìí. Bí wọ́n bá gbé e kúrò, kí ló kù tí mo ní fún un? Èmi á wá di ọkùnrin tó ń súfèé lẹ́ẹ̀kejì.

N kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Bó ṣe rí lójú mi nìyẹn.

Mo fi Abẹ́rẹ́ sábẹ́ ahọ́n. Ọmọ mi ń wò mí, mo mu omi. Nígbà tó lọ, mo tu ú sọ́wọ́, mo tì í bọ àpò kóòtù eléérú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òòyì. Bí mo bá yí orí, nǹkan kan á ta mí nínú rẹ̀ fìrì, bí ìgbà tí ọwọ́ bá kan wáyà iná. N kò rí oorun sùn. Ọmọ mi ní ṣé mo ti lo oògùn. Mo ní mo ti lò ó. Alábẹ̀wò àtijọ́, ó ń purọ́ bí ọmọ tó jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Kí ni ọgbọ́n orí mi? Ilé alágbàfọ̀ ni mo wà, àpò aṣọ ni mo fi nǹkan pamọ́ sí. Kò sí aṣọ tó wọ omi nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tí wọn kò kọ́kọ́ yí àpò rẹ̀ síta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rí kọ́kọ́rọ́ àti yẹtí oníyẹtí.

Ọmọ mi mú kóòtù náà lọ nígbà tí mo ń wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, àwọn Abẹ́rẹ́ ti wà lórí tábìlì, òwú lẹ̀ mọ́ ọ̀kan. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín?"

Ìyẹn ló fọ́ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ilẹ̀kùn, aṣọ tí mo fà ya, ìfé. Mo sọ ìdí tí n kò fi fẹ́ kí ara mi yá.

Mo rò pé kò mọ̀. Ó ní òun rántí. Ó ní ibẹ̀ lòun máa ń gbà kọjá bí òun bá ń lọ ilé-ìwé, pé bàbá kékeré máa ń yọ ọwọ́ jáde lábẹ́ aṣọ ìbora, á juwọ́ sí òun. Ìka méjì péré. Ó ní kì í juwọ́ sí ẹlòmíràn.

N kò mọ̀ rí.

Ó ní kí n pè é. Mo ní n kò lè ṣe é. Mo ní kó bá mi pè é. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo yọ ilẹ̀kùn o, Bàbá." Ó kó àwọn aṣọ tó kù, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Dókítà. Mo jẹ́wọ́. Ó ní oògùn náà kò mọ ẹ̀ṣẹ̀, kò lè nu ẹ̀ṣẹ̀ nù. Mo ní kí ló wá mọ̀? Ó ní oorun, oúnjẹ, ẹsẹ̀ láti fi rìn. Ó ní ohun tí mo bá fi ẹsẹ̀ náà ṣe, ọwọ́ mi ló wà.

Kò tíì yí mi lọ́kàn padà. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ mi wú. Nítorí tirẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá

Mo pè é.

Ó gbé e. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ kan tó ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo kí i. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo rí i pé n kò tíì pe ọmọ ìyá mi rí láìjẹ́ pé òkú wà nílẹ̀.

Mo ní ara mi ni kò yá. Mo ní àìsàn tó ṣe ọ́ nílé mi nígbà yẹn ló ń ṣe mí. Mo pè é ní àìsàn. Ẹ̀rọ náà ń kùn. Ó ní oníbàárà wà níwájú òun, òun á pè mí padà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Kò pè. Mo lo Abẹ́rẹ́. Ọmọ mi kò béèrè. Ọ̀gbẹ́ni Iná pàápàá ti pa rédíò.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó wá.

Kò sọ tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo rò pé Ọ̀gbẹ́ni Iná ni. Ó ti hewú tán. Ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, bí ẹni tí wọ́n pè wá tún nǹkan ṣe. Ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó mú páálí oògùn mi, ó kà á. Ó ní eléyìí ni wọ́n kọ́kọ́ fún òun náà, lẹ́yìn tí òun ti kúrò lọ́dọ̀ mi pẹ́. Ó ní ó máa ń gbẹ èèyàn lẹ́nu.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ lọ́kàn tú ká, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Kò ràn mí lọ́wọ́.

Ó wá ní, "Mi ò tíì dárí jì yín, ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní purọ́ fún yín." Mo ní mo mọ̀. Mo ní ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ara mi yá, pé ìyà yìí tọ́ sí mi, pé òun ni mo ń jẹ ẹ́ fún.

Inú bí i. Àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá rí ìbínú rẹ̀ láyé mi. Ó ní ta ló rán mi? Ó ní gbogbo ọdún tí mo ti ń jẹ ìyà fún òun, kò tún fíríìjì kan ṣoṣo ṣe fún òun. Ó ní, "Bí ẹ bá kú síbí yìí, ta ni màá bínú sí? Sàréè? Ẹ jẹ́ kí ara yín yá. Mi ò lè bá ẹni tó dùbúlẹ̀ jà. Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Omijé ń dà lójú mi, n kò nù ún. Kò sún mọ́ mi. Ṣùgbọ́n kò dìde.

Nígbà tó fẹ́ lọ, ó dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó ní òun ò tíì bínú tán, ọ̀nà ló jìn. Òun á wá parí rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní kí n jókòó sórí àga bí ènìyàn bí òun bá dé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo lo oògùn. Mo jẹ búrẹ́dì díẹ̀. Òkùnkùn inú mi ṣì wà lójú kan náà, kò tíì ṣí ẹsẹ̀.

Mo bi ọmọ mi pé ọjọ́ wo la wà. Ó ní Ọjọ́rú ni, ṣé mi ò gbọ́ nígbà tí mo béèrè láàárọ̀ ni.

Mo gbọ́. Ó ku Ọjọ́bọ̀. Ó ku Ẹtì.