Báàgì Tí Ẹtu Ò Ní Gbọ́

Sátidé, Oṣù Kọkànlá, 2012

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí èjìká ti ń dun Bàbá mi ni wọn ò ti lè gbé àpò awọ wọn tó wúwo yẹn lọ igbó ọlọ́jọ́ márùn-ún mọ́. Ọdẹ tó ń sùn sílé lójoojúmọ́! Ìyẹn gan-an ló ń dùn wọ́n ju èjìká lọ.

Ní Ìkòtún láàárọ̀, mo rí báàgì ẹ̀yìn kan tí mo lè fi ìka kan gbé. Mo pè wọ́n. Wọn ò tiẹ̀ béèrè bó ṣe fúyẹ́ tó.

"Gbé fóònù sílẹ̀, má pa á, gbé báàgì náà kọ́ ẹ̀yìn, kí o máa rìn."

Mo ń rìn, oníṣọ́ọ̀bù ń wò mí bí wèrè. Báàgì ń pariwo bí ewé gbígbẹ.

"Bí mo bá ń gbọ́ ẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹtu tó wà nítòsí mi ńkọ́?"

Mo rà á ṣá. Kí ni mo kọ́ṣẹ́ télọ̀ fún?

Nígbà tí mo délé ní Ìgàndò, mo fi dàńṣíkí wọn tí wọ́n gbàgbé sọ́dọ̀ mi rán bo gbogbo ara rẹ̀. Mo tún pè wọ́n, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì rìn yí yàrá po lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Bàbá pariwo mọ́ mi: "Kí lo tún ń dúró dè? Rìn jàre!"