Àwo Màmá Tí Wọ́n Kọ Orúkọ Yín Sí

Jábì, Àbújá,
Oṣù Kẹjọ, 1989.

Ẹ̀gbọ́n mi Mùkáílà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Abidjan. Ọkọ mi ń kí yín. Iṣẹ́ bíríkìlà pọ̀ níbí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìlú. Orúnkún ṣì ń dun Màmá, ṣùgbọ́n òróró tí ẹ fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, rédíò ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú orin nírú ọjọ́ yẹn láwọn ọdún tó ti kọjá. Wọ́n ní ọjọ́ náà ni àwo wákà kan jáde ní Ìlọrin, wọ́n sì gbé e sí i. Ohùn Màmá ni! Wọ́n ní Mùkáílà ló kọ ọ́, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi tobìnrin.

Ẹ mọ̀ pé àwọn ẹbí Bàbá kò fẹ́ kí orúkọ ìyàwó ilé wọn wà lára àwo, ni Màmá bá ní kí wọ́n kọ orúkọ àkọ́bí òun. Ọmọ ọwọ́ lẹ jẹ́ nígbà náà.

Màmá ń bá orin náà lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Bí rédíò ṣe pe orúkọ yín, Màmá kọjú sógiri, wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. N kò ní fi í sílẹ̀. Mo ti dé ilé rédíò. Wọ́n ní àfi kí ẹni tó lorúkọ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kọ́ ló kọrin náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi rán ẹni tó bá ń bọ̀. Ẹ pe orúkọ Màmá pé: Sàlímọ́tù Àbẹ̀kẹ́. Kí Ọlọ́hun dá ẹ̀mí yín sí, kó sì fi ohùn yín tó há bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ kọ díẹ̀ nínú orin náà. Wọn ò ní bi wá ní ẹ̀rí mìíràn.

Àbúrò yín,
Rísíkàt.