Nítorí Ìwọ̀n Ara Rẹ Tí Mo Sọ Fún Àwọn Ará Erékùṣù

Ilé Ọládèjì,
Kúdẹtì, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé.

Ìkẹ́olúwa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara rẹ le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé yẹn ń jẹ́ kí o sinmi? Àwa wà láàyè níhìn-ín, a sì ń dúpẹ́. Olúwa tó mú wa rí oṣù yìí kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ níbikíbi tí o bá ń lọ, ìbáà ṣe lórí ilẹ̀ tàbí lójú omi, àgàgà lójú omi. Mo mọ̀ pé o ń bínú sí mi. Ka ìwé yìí tán ná, lẹ́yìn náà kí o máa bínú rẹ lọ.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orókùn wọn ṣì ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n kò dí wọn lọ́wọ́ láti rìn dé Beyerunka láràárọ̀ lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn ṣeré. Páànù ẹ̀yìn ilé tó ń jò, káfíńtà ti wá wò ó, ó wò ó títí, ó ní òun ń padà bọ̀, láti ọjọ́ náà òjò nìkan ló ń padà wá. Ewúrẹ́ Alhaja Kúlúsúmù, aládùúgbò wa, ti bí ìbejì, kò sì sẹ́ni tó lè sùn mọ́ ní àdúgbò.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi pe fóònù rẹ. Obìnrin kan ló ń gbé e, ó ń sọ pé ẹni tí mò ń pè kò ṣeé bá sọ̀rọ̀ lásìkò yìí. Mo kí i, mo bèèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Mo rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún ọ pé kí o má bínú. Lọ́jọ́ kejì mo tún bá a níbẹ̀, àní nígbà tí a jáde ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, mo bá a níbẹ̀, mo wá ń rò ó pé ṣé wọn kì í jẹ́ kí ọmọ yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bí kò bá jíṣẹ́, òun ló jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé, tí Sàláúdéènì tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó yóò fi bá mi mú ìwé yìí wá.

Jẹ́ kí n wá ro ẹjọ́ tèmi. Ọjọ́rú tó kọjá, mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ni fóònù dún. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ni, ó ní Jamilah lorúkọ òun, ó sì kúnlẹ̀ kí mi, nítorí mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé orí ìkúnlẹ̀ ló wà. Ó bi mí bóyá èmi ni ìyá Ìkẹ́olúwa Ọládèjì, mo ní èmi ni, ó ní àwọn fẹ́ wádìí nǹkan díẹ̀ nípa rẹ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ìkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọ́. Ìyá wo ni wọ́n máa pè ní Ìbàdàn níbí, tí wọ́n á ní àwọn ń wádìí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò ní mọ̀ pé ẹbí ọkọ ti dé? Bí wọ́n ṣe wádìí èmi náà nìyẹn. Àbúrò bàbá rẹ àgbà ló wá sí ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó ń ṣe bí ẹni tó ń wá aránṣọ.

Mo pa ẹ̀wà tì. Ó bèèrè bóyá àìsàn kan wà tó yẹ kí àwọn mọ̀, mo ní kò sí wèrè nílé wa, kò sí wárápá, a kò sì jalè rí. Ó bèèrè bóyá ẹ̀rù omi máa ń bà ọ́, mo ní rárá o, ìwọ lo ń pọnmi kún àmù ilé títí o fi wọ yunifásítì. Ó bèèrè oúnjẹ tí o kì í jẹ, mo ní kò sí, ohunkóhun tí ọkọ rẹ bá gbé wálé ni wàá jẹ. Lẹ́yìn náà ló wá ní o kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kílò méjìdínláàádọ́rin ni ọ́.

Orí mi gbóná. Mo rò pé ọ̀tá kan ló ti lọ bà ọ́ jẹ́ lójú àwọn àna, pé o ti rù, pé a kò bọ́ ọ yó. Mo ní kí ó pa á rẹ́ kíá, mo ní kílò méjìdínlọ́gọ́fà ni ọmọ mi, nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́ lójú mi nígbà tí ẹsẹ̀ dùn ọ́ lásìkò Àjíǹde. Mo ní ìdí rẹ kún àga, apá rẹ kún aṣọ, bí o bá sì wọ yàrá, wọ́n á mọ̀ pé èèyàn wọlé. Mo fẹ́ fi kílò méjì lé e, ẹ̀rí ọkàn ni kò jẹ́. Ìgbà yẹn ni ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni, pé ìwọ àti àwọn ará ọ́fíìsì yín ń lọ wo ẹyẹ àti ìjàpá òkun ní ọgbà kan ní erékùṣù, èmi lo sì kọ pé kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí n má parọ́, àna tí mo pàdánù yẹn dùn mí.

Ṣùgbọ́n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o. Ó ní ọkọ̀ náà kò tóbi, bí ara kálukú bá ṣe tó ni wọ́n ń fi pín ìjókòó kí ó má baà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ní ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ kí èèyàn má baà rì, èyí tí wọn ì bá mú wá fún ọ kò ní ṣeé so láyà rẹ. Ìkẹ́, èmi tí mo rán búláòsì rẹ, mo mọ̀ pé òtítọ́ ló sọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lo wá pè mí tẹkúntẹkún, o ní mo ti dójú tì ọ́, o ní o kò lọ mọ́, o sì pa fóònù. Mo ti bi Jamilah o. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní ka ìwọ̀n ẹnikẹ́ni síta, ẹni tó ń wa ọkọ̀ nìkan ló ń rí i. Mo tún bi í pé ta ni baálẹ̀ ibẹ̀, ká lè mọ ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ kí. Ó ní kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Ṣé ibi tí kò sẹ́ni tó máa gbóúnjẹ fún àlejò lẹ ń lọ? Ẹ gbé oúnjẹ dání.

Fi òrí pa itan rẹ dáadáa, kí o wọ ṣòkòtò pénpé sábẹ́ yẹ̀rì kí itan má baà bó, nítorí iyọ̀ inú omi òkun kò mọ ọmọ olówó. Bàtà tó fẹ̀ ni kí o wọ̀, ẹsẹ̀ á wú lóòrùn. Bọ́ kọ́sẹ́ẹ̀tì tó ń fún ọ níkùn yẹn sílé, ta lo fẹ́ tàn jẹ nínú igbó, ìjàpá ni àbí ẹyẹ? Bí o bá ń wọkọ̀, di ọwọ́ èèyàn mú, kí o tẹ àárín rẹ̀, má tẹ etí. Bó bá rẹ̀ ọ́ lójú ọ̀nà, sọ pé kí wọ́n dúró, kí o má máa mí gúlegúle tẹ̀ lé wọn bí ẹni tó jẹ gbèsè. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí o ní o ń mu dípò oúnjẹ, dà á nù.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, bàbá rẹ pàápàá kò mọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tíṣà, kí n tó bí ọ, ẹgbẹ́ akọrin wa fẹ́ lọ sí Bàdágìrì, kí wọ́n wọkọ̀ ojú omi sọdá lọ wo òkun. Mo ti rán aṣọ, mo ti dín àkàrà tí a máa jẹ lọ́nà. Ọkùnrin kan láàárín wa wá ní bí Rachel bá fi lè wọ ọkọ̀ yẹn, kí kálukú ti dágbére fún ará ilé rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi gan-an ni mo rẹ́rìn-ín jù. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn, mo ránṣẹ́ sí wọn pé ibà ń ṣe mí. Ibà kankan kò ṣe mí. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń jẹ àkàrà yẹn, mo ń sunkún. Títí di òní mi ò tíì fojú rí òkun, ó sì ń dùn mí. Nígbà tí o ń sunkún lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, ohùn ara mi ni mo gbọ́.

Nítorí náà, mo tún pe Jamilah, mo ní kí ó kọ orúkọ èmi náà sílẹ̀. Ó ní àyè kan ṣẹ́kù, ìwọ̀n mi ńkọ́? Mo bá lọ sí Oríta-mẹ́rin, sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò àgbàdo, mo bọ́ bàtà, mo gùn ún lójú gbogbo ọjà. Kílò mọ́kànlélọ́gọ́fà. Mo fi mẹ́ta jù ọ́, àwọn alágbàrù sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ àti owó bàtà tó fẹ̀ rán Sàláúdéènì sí mi. Má fi í sí báǹkì. Ẹ̀rọ ara ògiri tó wà ní ọ̀nà Mapo ní kí n tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi, èèyàn méje sì tò sẹ́yìn mi, ṣé bí a ṣe ń ṣe ìkọ̀kọ̀ nìyẹn? Mo gba káàdì mi, mo wálé.

Àga tí o bá jókòó lé kò ní yẹ̀ lábẹ́ rẹ. Ibi tí o bá dé, wọn á fẹ̀ fún ọ. Ẹni tí yóò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní rí ẹni bá a rẹ́rìn-ín. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire.

Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago méje òwúrọ̀, èmi á ti wà létídò tí ẹ ti máa wọkọ̀. Bí n kò bá bá ọ níbẹ̀, n ó wọkọ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù omi ń bà mí gan-an, Ìkẹ́, n kò sì ní ẹlòmíì tí mo lè di lọ́wọ́ mú.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rachel Ọládèjì