“Wí” Tó Gé Irun Dàda

Bàbá Dàda,

Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò, ẹ ro ọkà yín fúnra yín. Mo ti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Oko-Akarè.

Òyìnbó obìnrin tó ń wọlé kiri wo àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ fọwọ́ kan irun Dàda láàárọ̀, ó sì bi yín ní ìbéèrè. Ògbufọ̀ rẹ̀ fẹ́ túmọ̀, ẹ ní kó panu mọ́, pé ẹ gbọ́ Faransé. Ẹ ní “wí, wí”, ìyẹn “bẹ́ẹ̀ ni” tiwọn, ẹ gbé ọkọ́, ẹ gba oko lọ. Kí n tó ti odò dé, ó ti gé irun tí ọmọ gbé wáyé, láìṣe ètùtù kankan! Ó ní bàbá ọmọ ló gbà. Mi ò bá a jà, òun kò mọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ara ọmọ ti ń gbóná. Mo ṣa irun náà sínú àwo omi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má dà á nù. Ẹ fọwọ́ ara yín gbé e wá lónìí, kí gbogbo ọ̀nà rí i lọ́wọ́ yín.

Ìyá mi á bi yín pé ta ló ní kí wọ́n gé e. Ẹ wí o. Èdè tí òun gbọ́ ni kí ẹ fi wí i.

Ẹfúnwùmí