Gààrí Mi Kì í Ṣe ti Ayọ̀dàmọ́lá àti Àwọn Yòókù

Ilé Ọdẹkúnlé,
Ẹ̀gùá.

Títílọpẹ́ ọmọ mi, Àṣàbí,

Mo kí ọ, mo kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ, mo kí ojú rẹ tí kọ̀ǹpútà ń fà mu bí ẹni ń fa ìgbín nínú ìkarahun. Ṣé o ń jẹun? Ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́, ṣé ó ti dá ìkòkò rẹ padà? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìyá tó bí mi sin mí kò ní jẹ́ kí n sin ọ́. Àga tí o bá jókòó lé kọ̀wé kò ní yẹ̀ ní ìdí rẹ, iná Ìbàdàn kò ní kú mọ́ ọ lójú, àmín. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o. N kò bẹ Husain tíṣà, n kò bẹ ọmọ ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ará ìta ń bá èèyàn kọ. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí bàbá mi tó ní kí n wá máa bó ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí mo bá kọ, ó dúró gbọn-in, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè dorí rẹ̀ kodò.

Bàbá rẹ wà. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, ẹnu kò dùn ún. Òjò ti ń rọ̀ níbí, ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn ti di ẹrẹ̀, ọ̀kadà ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹja àrọ̀. Ewúrẹ́ rẹ ti bímọ méjì, ọ̀kan dúdú, èkejì dà bí ẹni tí wọ́n ń kùn lọ́dà tí ọ̀dà sì tán lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ìyẹn dára. Inú ló ń bí mi. Ó ti ń bí mi láti ọjọ́ tí o pè mí tí o ń sunkún lórí fóònù bí ẹni tí màlúù kàn.

O ní ẹ̀rọ kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ tó ń bá ọ tọ́jú orúkọ gbogbo àwọn tí o ka ìwé wọn, àti ọdún tí wọ́n kọ ọ́, pé bí o bá ti mú ọ̀rọ̀ ẹnì kan lò, òun ni yóò to orúkọ olúwarẹ̀ sí ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ. Mo ní ìyẹn dára. Ọmọ tó pa òwe láàárín àgbà tí kò sọ pé àwọn àgbà ló ni ín, olè ni. Ṣùgbọ́n o tún ní ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí rẹ, Purofẹ́sọ̀ yẹn, ní ẹ̀rọ mìíràn lòun ń lò, kí o kó wá sí tòun kí ẹ lè jọ máa rí iṣẹ́ náà, àti pé ti òun kì í gba owó. O gbọ́ ọ̀fẹ́, o dìde. O kó ẹrù, o ṣí lọ. O débẹ̀ tán, orúkọ ti dà rú, ẹnì kan ti di méjì, ọdún ẹlòmíràn ti fò lọ, orúkọ bàbá ti di ti ọmọ, àwọn kan kò tilẹ̀ dé rárá, o sì ti pa ti àtijọ́ rẹ́. Purofẹ́sọ̀ wá ní bí gbogbo orúkọ kò bá padà sí àyè wọn kí oṣù yìí tó parí, òun kò ní fọwọ́ sí i, àwọn ẹgbẹ́ rẹ yóò gboyè, ìwọ yóò máa pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Títílọpẹ́, ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí wọ́n bí sí orí àpò gààrí? Nígbà tí mo kó ẹrù mi kúrò ní sítọ̀ Bàrúwà ní Ọjà-Ọ̀dàn lọ sí ti Mẹ̀dínátù, ṣé mo kàn ń gbé àpò sọ bí ẹni tí ilé ń jó ni? Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Àpò tó bá ń jáde, mo ń wo àmì rẹ̀, èyí tó bá ń wọlé lọ́hùn-ún, mo tún ń wò ó, Bàrúwà ń bú mi pé mo fi òun pe olè, mo ní kó máa bú mi lọ, ojú mi kò sí lẹ́nu rẹ̀. Kí èèyàn tó gbé ẹrù fún onísítọ̀, kì í ṣe iye tó ń gbà ni a kọ́kọ́ ń bèèrè. A máa ń bi í pé, lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ lọ, báwo lo ṣe máa kó ẹrù mi fún mi, ṣé pẹ̀lú àmì mi ni àbí pẹ̀lú tìrẹ? Sítọ̀ ọ̀fẹ́ ni eku ń pọ̀ sí, gbogbo ọjà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Purofẹ́sọ̀ kò mọ̀ torí pé kò ta gààrí rí.

O tún sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà tí n kò lè gbé mì. O ní ẹ̀rọ kejì a máa gé orúkọ ènìyàn kù. Pé orúkọ tí ìyá àti bàbá sọ ọmọ lọ́jọ́ kẹjọ, tí wọ́n fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, lẹ́tà kan ṣoṣo ni yóò ṣẹ́kù níbẹ̀. Ọlámipọ̀, T.! T. wo? Táíwò ni àbí Toheebat? Bí ìyá ọmọ náà bá ń wá ọmọ rẹ̀ nínú ìwé, báwo ló ṣe máa dá a mọ̀? Mo sọ fún bàbá rẹ, ó ní bóyá wọ́n ń ṣọ́ yíǹkì lò ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀rọ̀ páálí. Páálí ìwé tí o fi ránṣẹ́ sílé, tí Nàfíù ọlọ́kadà lọ bá mi gbà ní gáréèjì Ìlaròó, o ní òrùlé yàrá yín ń jò, kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀ kí òjò má pa á. Mo gbà á. Mo ṣí i kí n lè mọ̀ bóyá ó ti tutù. Ńṣe ni mo rí bébà wẹ́wẹ́ aláràbarà tó ń lẹ̀, wọ́n yọ ahọ́n sí mi létí gbogbo ìwé náà, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ẹyin adìyẹ, o sì kọ nǹkan sí ara wọn. Mo ní, àhá, àmì sítọ̀ àtijọ́ rèé! Ìwọ náà mọ òfin ọjà wa. Ẹrù tó bá kúrò ní sítọ̀ kan kò gbọdọ̀ gbé àmì ibẹ̀ wọ ilé ẹlòmíràn, torí lọ́jọ́ tí onísítọ̀ àkọ́kọ́ bá rí àmì rẹ̀, yóò ní ẹrù òun ni, yóò sì máa bèèrè owó ìtọ́jú. Mo ní ọmọ mi ti gbàgbé. Mo jókòó, mo yọ gbogbo rẹ̀, mo fa ìró mi aláwọ̀ ẹlú ya, mo fi ìrépé rẹ̀ gba ìwé kọ̀ọ̀kan níkùn, mo ta á ní kókó, bí mo ṣe máa ń sàmì sí àpò gààrí mi. Tí ẹ̀rọ àtijọ́ bá dé pẹ̀lú ọlọ́pàá, kò rí nǹkan kan sọ.

Ó wá ku àmì àpò gààrí mi, torí ìrépé tí mo ní nílé ti tán sára ìwé rẹ. Bébà wọ̀nyẹn wà nílẹ̀, wọ́n lẹ́wà, wọ́n ń lẹ̀. Èmi kì í ju nǹkan nù. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ àpò mi, Nàfíù kó wọn lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn, ó kó wọn sí sítọ̀ Mẹ̀dínátù.

Ọjọ́ ọjà pé. Ìyá Pọ́bẹ̀ dé, oníbàárà mi tó ń ti ọ̀hún ààlà wá, tó máa ń fi Faransé kí mi kó tó fi Yorùbá yọ owó lórí ọjà mi. Ó rí bébà lára àpò, ó ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, Husain tíṣà tó ń ra ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá gbé ìgò sójú, ó ní wọ́n kọ ọ́ pé Ayọ̀dàmọ́lá àti àwọn yòókù, 2016. Ìyá Pọ́bẹ̀ fa ọwọ́ yọ kúrò nínú gààrí bí ẹni tó kan ejò. Ó ní háà, Màmá Títí, gààrí ọdún 2016 lẹ fẹ́ tà fún òun? Mo ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo yan án. Ó ní kí ló wá dé tí mo kọ 2016 sí i. Mo ní kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́. Ó ní bí kì í bá ṣe èmi ni mo kọ ọ́, a jẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo ni gààrí. Mẹ̀dínátù, tí mo torí rẹ̀ bá Bàrúwà jà, tún wá ń bèèrè láàárín ọjà pé ta ni Ayọ̀dàmọ́lá, kó jáde wá kó ẹrù rẹ̀. Bàrúwà gbọ́ níwájú sítọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́. Ó ní nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ òun, gbogbo ayé mọ̀ pé gààrí Lábísí ni.

Mo yíjú sí Husain, mo ní àwọn yòókù yìí, ta ni wọ́n? Ó ní bí èèyàn púpọ̀ bá jọ kọ ìwé kan, ẹni àkọ́kọ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń dárúkọ, wọ́n á pe ìyókù ní àwọn yòókù. Títílọpẹ́, ṣé bí ẹ ṣe ń hùwà níbẹ̀ nìyẹn? Èèyàn mẹ́fà jọ ro oko, ẹ ní lágbájá àti àwọn yòókù? Èyí tó wá dùn mí wọ egungun ni pé gààrí tí mo fi ojú mi gba èéfín rẹ̀, Ayọ̀dàmọ́lá ló ni ín, èmi kò tilẹ̀ sí lára àwọn yòókù.

Ìyá Pọ́bẹ̀ da ẹ̀kúnwọ́ kan sẹ́nu, ó gbọ́ bó ṣe ń ró kẹ̀kẹ̀ láàárín eyín, ó mọ̀ pé tuntun ni, ó rà á. Ó gbé àpò náà lọ tòun ti bébà lára. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí ló ránṣẹ́ pé àwọn ará Pọ́bẹ̀ ní Ayọ̀dàmọ́lá dùn, kí n fi Ayọ̀dàmọ́lá mìíràn ránṣẹ́. N kò lè sùn.

Ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ yẹn dé gan-an lo tún pè. O ní ọpẹ́lọpẹ́ páálí, pé gbogbo orúkọ tí ẹ̀rọ sọ nù ló wà lára bébà aláràbarà yẹn, orúkọ, ọdún, àti ojú ewé tí o ti mú ọ̀rọ̀ wọn, pé ibẹ̀ nìkan ló kù tí o ti lè rí wọn, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bàbá rẹ wò mí. Mo ní n kò gbọ́ ọ mọ́, mo pa fóònù. Má pariwo mọ́ mi o! Òjò lo ní kó má pa á. O kò dárúkọ ọwọ́ mi.

Ilẹ̀ mọ́, mo gun ẹ̀yìn Nàfíù nínú ẹrẹ̀ yẹn, mo dé sítọ̀ Mẹ̀dínátù, mo ń yọ bébà lára àpò, ó ní ṣé mo tún fẹ́ kó lọ ni. Mo kó wọn délé. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pín wọn dọ́gba fún àwọn ìwé náà, torí mo rántí pé àwọn kan ní púpọ̀ tẹ́lẹ̀ tí àwọn mìíràn sì ní ẹyọ kan, ìyẹn sì jẹ́ ìrẹ́jẹ. Bàbá rẹ kígbe. Ó ní ṣé bí wọ́n ṣe pe gààrí mi ní ti ẹlòmíràn yẹn kò tíì kọ́ mi lọ́gbọ́n, kí n jẹ́ kí olúkúlùkù padà sílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Orúkọ wà níwájú orí ìwé kọ̀ọ̀kan, orúkọ wà lára bébà. Mo ń pe lẹ́tà, bàbá rẹ ń wá a, a ń jà, a ń bá a lọ, nọ́ńbà ojú ewé sì ń sọ ibi tí a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ibi tí kò bá lẹ̀ mọ́ torí ìyẹ̀fun gààrí, mo fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ti wà ní ipò rẹ̀. Nàfíù ń gbé páálí náà lọ sí gáréèjì pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Jókòó, kó orúkọ wọn sínú ẹ̀rọ èyíkéyìí tó bá wù ọ́, ti Purofẹ́sọ̀ tàbí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà kí o máa wo àmì, kí o sì pa ẹ̀dà kan mọ́ síbi tí ẹ̀rọ kankan kò dé.

Ẹyọ kan ló sọnù. Ti Ayọ̀dàmọ́lá ni, ó wà ní Pọ́bẹ̀. Ìwé rẹ̀ wà nínú páálí, ìró mi nìkan ló wà níkùn rẹ̀, n kò sì mọ ojú ewé rẹ̀. Má yọ ara rẹ lẹ́nu láti wá a. Ibi tí ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà, Lábísí Ọdẹkúnlé, Ẹ̀gùá, ni kí o kọ síbẹ̀, ní kíkún, má gé e. Ọkùnrin náà ti fi gààrí mi gbayì dé ilẹ̀ Faransé, kò sí ohun tó burú bí èmi náà bá fi ìwé rẹ̀ gbayì dé Ìbàdàn. Bí ó bá bínú, o lè fi í sí àwọn yòókù.

Fi owó ọ̀kadà ránṣẹ́ fún Nàfíù, lílọ àti àbọ̀, ó ti ń wò mí níwò kan. Kí o sì ra ìró mìíràn fún mi, ẹlú tó ṣú dáadáa, torí àwọn ìwé rẹ ló wọ tèmi lọ.

Orúkọ rẹ kò ní bọ́ sọnù níbi tí wọ́n bá ti ń ka orúkọ ẹni rere. A kò ní fi orúkọ ẹlòmíràn pe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń pè ọ́ síta láti gboyè, wọn yóò pe orúkọ rẹ ní kíkún, títí dé orí lẹ́tà tó kẹ́yìn, èmi yóò sì wà níbẹ̀, èmi ni n ó kọ́kọ́ dáhùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Lábísí Ọdẹkúnlé, èmi nìkan, kò sí àwọn yòókù.