Orúkọ Rẹ Ni Mo Fún Wọn

Nahau ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìfaradà ooru ìlú Mósíbì tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Ọlọ́run tí ó mú ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ lọ́dún tí ìjì kó àwọn ará òdìkejì lọ, òun náà ni yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Àwa nílé ń bẹ láyé. Piwen, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, ní kí n kí ọ, ó ní bàtà tí o fi ránṣẹ́ há díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ bọ́ ọ, ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn.

Fóònù ló fà á tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni o ti sọ fún mi pé ohùn mi kò yé ọ, pé ó dà bí ìgbà tí mo kó oúnjẹ sẹ́nu. N kò kó nǹkan kan sẹ́nu. Fóònù náà ló bàjẹ́, atẹ́gùn òkun ti wọ inú rẹ̀, òun ló ń jẹ ọ̀rọ̀ mi lójú ọ̀nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo gbé e kọ́ sókè ààrò láàárín ẹja láti ọjọ́ Ajé kí èéfín lè gbẹ omi inú rẹ̀, ní báyìí kò tilẹ̀ tan mọ́. Piwen náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun kò gbọ́ ohun tí mò ń wí, òun tí a jọ jókòó sórí ẹní kan náà. Tirẹ̀ kì í ṣe fóònù, etí rẹ̀ ni.

Ohun kékeré kan wà tó ń ṣe mí lẹ́nu, n kò fẹ́ kí ó kó ọ láyà sókè. Egbò kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì, níbi tí mo máa ń gbé èso buai tí mo ń rún lẹ́nu sí láti ìgbà ọmọge mi. Nǹkan funfun ló kọ́kọ́ jẹ́, mo rò pé ẹfun tí a fi ń jẹ buai ló lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, mo fi èékánná ha á, kò kúrò. Láti ìgbà Àjíǹde ni ó ti ń dá egbò. Báyìí ẹnu mi kò là ju ìka méjì lọ, ìyẹ̀fun saksak ni mo ń pò kí n lè mu ún, ẹja ni mo sì ń gún kí n tó lè gbé e mì. Kókó kan tún wà lọ́rùn mi tó tó èso buai, ṣùgbọ́n mo ń fi ewé pa á.

Piwen ló wọ́ mi wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Lorengau. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò tíì wo ẹnu mi tó fi mú fọ́ọ̀mù jáde, ó ní buai mélòó ni mò ń jẹ lójúmọ́. Mo ní bí gbogbo ènìyàn ṣe ń jẹ ẹ́ náà ni. Ó ní kí n kà á. Ta ló ń ka buai? Ó bi mí nípa tábà, mo ní ìgbà tí mo bá ń tún àwọ̀n ṣe nìkan. Ó bi mí nípa ọtí tí wọ́n ń sè nílé, mo ní n kì í mu ún àfi níbi òkú, Piwen sì dá sí i láti ẹ̀yìn pé òkú pọ̀ ní abúlé wa.

Nígbà tó yá ló wá bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mo wà tí nǹkan oṣù mi fi dúró, lójú gbogbo ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ńṣì. Mo ní kí ló kan ẹnu nínú ìyẹn. Ó ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó ń bá awọ ẹnu mú omi dání, pé bí nǹkan oṣù bá ti dúró ohun náà a dín kù, awọ ẹnu a sì máa gbẹ, a máa fẹ́lẹ́, pé àwọn dókítà ṣì ń wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé, ṣùgbọ́n èyí tó dá wọn lójú ni buai àti ẹfun àti tábà àti ọtí. Mo ní ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mo wà. Ó ní ó yá jù. Kò yá jù, ọdún tí òkun gbé bàbá rẹ lọ ni, nǹkan oṣù mi náà bá a lọ, kò padà. N kò sọ ìyẹn fún un.

Dókítà wá gé díẹ̀ nínú ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, ó sọ ọ́ sínú ìgò olómi kan, ó ní bàálù ni yóò gbé e lọ sí Mósíbì kí àwọn tó mọ̀ ọ́n lè fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Èmi tí n kò wọ bàálù rí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ mi, àyà mi já. O mọ̀ pé a kì í fi èèpo buai sílẹ̀ ní ìta ẹlòmíràn, itọ́ pàápàá, a ń fi yanrìn bò ó ni, torí ẹni tó bá rí ohun tó ti kan ẹnu rẹ, tó sì ní ọ sínú, ohun tó bá wù ú ni yóò fi ọ́ ṣe. Wọ́n wá fẹ́ gbé ẹnu gan-an lọ sí ìlú tí n kò ti ní ẹnikẹ́ni àfi ìwọ. Nítorí náà nígbà tí nọ́ọ̀sì bèèrè ìwé ìwòsàn mi, mo ní ó ti bọ́ sómi, nígbà tó sì bèèrè orúkọ, mo ní Nahau Kisokau. Mo rò ó pé bí orúkọ rẹ bá wà lára ìgò náà kò ní jẹ́ àjèjì lọ́dọ̀ yín, bí wọ́n bá ń wá ẹni tó ni ín, ìwọ ni wọn yóò pè. Ọgbọ́n ni mo pè é.

Ó di ọ̀sẹ̀ méje kí ìwé tó dé. Pomat tó ń fún wa lóògùn ní abúlé ló gbà á, tí ó sì kà á fún mi. Ó ní Nahau Kisokau ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé jẹjẹrẹ ẹnu ni, ó ti ń wọ ọrùn lọ, kí aláìsàn náà wá sí ilé ìwòsàn ńlá Mósíbì ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀, wọ́n ti fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè é, kí ó má yẹ ọjọ́ náà torí àwọn tó ń dúró pọ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé o wálé, ó sì dáa tí o ti wà nítòsí wọn. Orí àtẹ̀gùn rẹ̀ ni mo jókòó sí.

Nahau, èmi ni mo ṣe é. Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ. Àrùn yẹn gbọ́ orúkọ rẹ, ó sì yí ọkọ̀ rẹ̀ padà sí ọ̀dọ̀ rẹ. Piwen ń pariwo mọ́ mi pé mo ti ya òmùgọ̀, pé ẹnu ta ni kò là, pé ta ni kò lè jẹ iṣu táró láti ìgbà tí oṣù ti lé. Mo ní lóòótọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni wọ́n gé, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé fi dígí wò ó, wọn kò rí èmi Alup níbẹ̀, Nahau ni wọ́n rí. Mo tún rántí pé èmi náà ni mo kọ́kọ́ fi buai sí ọ lẹ́nu. Ọmọ ọdún márùn-ún ni o wà, ehín ń dùn ọ́, mo fi ìka tọ́ ẹfun sí i, ó ta ọ́, o sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín pé o ti ń di obìnrin. Jọ̀wọ́, má jẹ ẹ́ mọ́. Fi iná wo inú ẹnu rẹ nínú dígí, bí o bá rí funfun kan tí kò ṣeé ha kúrò, má fi pamọ́ fún wọn bí mo ṣe fi tèmi pamọ́. Èmi náà ti ju àpò buai mi sókun. Piwen wọ omi lọ gbé e, ó ní àpò náà kò ṣẹ òun.

Mo bẹ Pomat pé kí ó pa orúkọ rẹ rẹ́, kí ó fi tèmi sí i. Ó ní ìwé ìjọba ni, kò sí ẹni tó lè yí i padà àfi àwọn dókítà Mósíbì fúnra wọn. Nítorí náà mò ń bọ̀. Mo ti ta àwọ̀n bàbá rẹ, kò tó owó bàálù, bá mi fi èyí tó kù ránṣẹ́ kí ọjọ́ kẹrìnlá tó pé. Má ra aṣọ fún mi, má fi ìrẹsì ránṣẹ́, owó bàálù yẹn nìkan ni mo ń fẹ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn ni n óò lọ tààrà, n óò sọ fún un pé arúgbó kan ló ṣì orúkọ pè, kí ó jọ̀wọ́ yọ ọmọ yìí kúrò, kí ó gbé èmi sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Mo ti lo ìgbà mi, ìwọ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní àrùn kì í gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn, n óò ya ẹnu mi fún un bí ó bá ṣe lè yà mọ, kí ó rí i pé àyè ti wà níbẹ̀, kò ní ṣòro fún un láti gbé àrùn náà sí mi lára.

Kí Ọlọ́run dá ọ sí. Kí ó má jẹ́ kí n fi ọwọ́ mi sin ọ́, kí ó jẹ́ pé ìwọ ni yóò da yanrìn bò mí, kí o sì pẹ́ lẹ́yìn mi tí irun rẹ yóò fi funfun. Bí mo bá pẹ́ kí n tó dé, sọ fún wọn pé ìyá rẹ wà lọ́nà, kí wọ́n má fọwọ́ kàn ọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ, Alup. A, l, u, p. Kọ ọ́ sínú bébà kan fún wọn, kí wọ́n má baà ṣì í kọ.