Ṣọkọ Nílẹ̀ Òtútù: Ìgbésí Ayé Bàbá Wa, Herbert Ọlálẹ́yẹ Ògúnníyì (1893–1949)

Ìgbẹ̀ìn, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti bí Bàbá wa ní ọdún 1893. Ògúnníyì, àgbẹ̀ Wásinmi, ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Ojúọlá, aláró Ìtókù, ni ìyá wọn. Ilé-ìwé ìjọ ni wọ́n lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe olùkọ́ títí wọ́n fi di ọ̀gá ilé-ìwé. Ní 1920, wọ́n gbé Lydia Adébímpé níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní oṣù kẹsàn-án 1946, Bàbá wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú Òyìnbó fún ẹ̀kọ́ ọdún kan. Oṣù kìíní 1947 ni wáyà bá wọn níbẹ̀ pé Màmá ti kú. Kí wáyà náà tó dé, a ti sin Màmá. Yìnyín bo gbogbo ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Bàbá kà á, wọ́n ká a sápò, wọ́n sì gba ibi ẹ̀kọ́ lọ. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Opó kan tó ń jẹ́ Harriet ló ni ilé tí wọ́n wọ̀ sí. Nínú oṣù kẹta, obìnrin náà fọ́n hóró òdòdó ilẹ̀ olóoru kan sínú ìkòkò amọ̀ lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé, nítorí òtútù ìta ì bá pa á. Nígbà tí ooru dé, ó kó o lọ gbìn sínú ọgbà. Òdòdó náà yọ pupa bí ogbe àkùkọ. Àwọn aládùúgbò ń dúró wò ó, wọ́n ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ewé rẹ̀. Ṣọkọ ni.

"Ìyáàfin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n já díẹ̀ sè."

"Òdòdó mi kẹ̀? Kí ló dé?"

"Òun ni ìyàwó mi máa ń sè fún mi ní Sátidé. Ó ti kú."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ nìyẹn. Harriet wọlé mú sísọ́ọ̀sì, ó sì gé èyí tó dára jù lọ. Kò sí epo, kò sí ata, kò sí irú. Bàbá sè é bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ jẹ ẹ́. Bàbá sọ fún wa pé kò dùn rárá, àmọ́ àwọn jẹ ẹ́ tán. Ní oṣù kẹwàá, ìrì dídì pa ìyókù lẹ́ẹ̀kan náà.

Oṣù kejìlá ni Bàbá padà sílé wọn ní Ṣàpọ́n. Harriet ti di hóró díẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Màmá, ewúrẹ́ sì jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ẹbí ní kí wọ́n fẹ́ ìyàwó mìíràn; wọ́n kọ̀. Wọ́n ń ka Bíbélì fún ìjọ, wọ́n sì ń kọ́ àwọn aláró, ìmàle àti onígbàgbọ́, ní ìwé kíkà ní ìrọ̀lẹ́. Bí àwọn yẹn bá ti lọ tán, Bàbá nìkan a jókòó síwájú ilé. A bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n wá bá wa gbé. Wọ́n á ní, "Ibí yìí ni ìyá yín ti dúró dè mí. Ẹ jẹ́ kí èmi náà dúró."

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún 1949, Asiata, ọ̀kan nínú àwọn aláró náà, bá wọn lórí àga. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Tíṣà." Wọn kò dáhùn.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni àwa ọmọ wọn, Olúṣẹ̀yẹ, Fọlákẹ́mi àti Beatrice, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, àti àbúrò wọn, Olújìmí.

Bàbá wa, kí ilẹ̀ Ẹ̀gbá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ bá wa kí Màmá. Ẹ sùn ire o.